Ọ̀pá ìwọ̀ oníbátìrì: kí owó tó jáde

Ẹ̀yin ará ibí, ẹ kú iṣẹ́ odò. Ọ̀pá ìwọ̀ tó ń gbọ̀n fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń polówó káàkiri yẹn, àwọn tó ń dẹ ìwọ̀ lórí yìnyín ní Kánádà àti Amẹ́ríkà ló wà fún. Wọ́n á dá ihò sínú yìnyín, wọ́n á ju ìwọ̀ sísàlẹ̀, ọ̀pá á máa mi ìjẹ, àwọn á ki ọwọ́ bọ àpò nítorí òtútù. Ó wúlò fún ọ̀pá kejì téèyàn ò dì mú. Ṣùgbọ́n òtútù máa ń tètè jẹ bátìrì, ẹja sì sábà máa ń gbé ìjẹ nígbà tó bá dúró jẹ́ẹ́.

Àwa tá a wà ní dáàmù Ero, ní Èkìtì níbí, yìnyín dà? Àrọ̀ ń tọ òórùn, irun ẹnu rẹ̀ ló fi ń wá oúnjẹ kiri nínú ẹrẹ̀. Ekòló tútù ti tó o. Bó bá jẹ́ epìyà, ẹ fi ọrùn ọwọ́ gbé orí ọ̀pá sókè díẹ̀, ẹ dá a padà, kẹ́ ẹ sinmi. Owó bátìrì yẹn, ẹ fi ra okùn tuntun àti ìwọ̀ kéékèèké l'Ọ́jà Ọba, Adó.