Omi Atalẹ̀ àti Lẹ́mọ́ọ̀nù fún Oríkèé Ríro: Àṣìṣe tí Ó Wọ́pọ̀

Bí orúnkún bá ń ro àgbàlagbà l'Ákùúrẹ́, tó sì wú díẹ̀, omi atalẹ̀ àti lẹ́mọ́ọ̀nù ni wọ́n máa kọ́kọ́ ní kó mu. Kò burú. Gingerol, èyí tó ń jẹ́ kí atalẹ̀ ta lẹ́nu, máa ń dín ohun tó ń fa wíwú àti ìrora kù nínú ara. Àmọ́ ìrànlọ́wọ́ náà kò pọ̀, ó sì máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó hàn. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìrora lọ lálẹ́ ọjọ́ kan náà ni yóò sọ ife kan di mẹ́rin, tí àyà yóò wá máa ta á.

Atalẹ̀ tútù tó tó oríkèé kan lára àtàǹpàkò, bíi gíráàmù 5, ti tó fún ife omi méjì lójúmọ́. Ẹ fọ kọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa, ibẹ̀ ni iyẹ̀pẹ̀ máa ń há sí. Ẹ rin ín bí ẹni ń rin ilá, ẹ sè é fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ má sè é pọ̀ mọ́ lẹ́mọ́ọ̀nù, iná máa ń ba fítámì C jẹ́. Ó di ìgbà tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ẹ tó fún ìlàjì ẹyọ kan sí i. Inú ìgò tàbí ife tánganran ni kí ẹ gbé e sí. Omi kíkan máa ń jẹ ìkòkò àlùmíníọ̀mù.

Èyí tó léwu jù ni kí èèyàn mu ún láìjẹun, lórí oògùn ìrora bí ibuprofen tàbí diclofenac. Àwọn oògùn wọ̀nyí ti ń mú ohun tó ń dáàbò bo inú kúrò; atalẹ̀ àti omi kíkan á wá bá a níhòòhò. Ẹni tó ní ọ́lsà, kó jìnnà sí i. Ẹni tó ń lo warfarin tàbí aspirin, àwọn oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀, nítorí atalẹ̀ lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kó tó dá.

Ẹ má sì fọ eyín lẹ́yìn tí ẹ bá mu ún tán. Ẹ fi omi lásán yọ́ ẹnu, ẹ dúró fún ìdajì wákàtí kí ẹ tó fọ eyín.

Àwọn kan tún máa ń fi lẹ́mọ́ọ̀nù tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ pa orúnkún, wọ́n á wá lọ jókòó tajà nínú oòrùn ọjà Erékèsán l'Ákùúrẹ́. Omi ọsàn àti oòrùn jọ ń jó awọ ara ni. Ibẹ̀ kì í ro wọ́n lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì sí ìkẹta ni yóò pọ́n, tí yóò lé roro, àpá dúdú rẹ̀ sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bó bá ta sí yín lára, ẹ fi ọṣẹ fọ ọ́ kí ẹ tó jáde.

Bó bá jẹ́ pé oríkèé kan ṣoṣo ló wú lójijì, tó gbóná janjan, tí ibà sì bá a wá, ẹ má sè nǹkan kan. Kòkòrò àrùn lè ti wọ inú oríkèé náà, ó sì lè bà á jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.