Owó Tí Bẹ́líìtì Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Jẹ Kí Ọmọ Wa Tó Dé

Ká ní ẹnìkan sọ fún mi pé bẹ́líìtì ọkọ̀ ni yóò gba owó lọ́wọ́ mi ju báàfù ọmọ, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn àti gbogbo aṣọ tuntun tí a rà lọ, ǹ bá ní kó lọ sùn. Bẹ́líìtì wo? Ti ẹ̀yìn ọkọ̀ èmi fúnra mi ni o, Corolla 2006 tí mo rà lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni kan ní Bódìjà, tí gbogbo ẹni tó bá wọ̀ ọ́ máa ń yìn mí nítorí ìjókòó rẹ̀. Ìjókòó náà dára lóòótọ́. Awọ pupa rúsúrúsú ni, wọ́n fi òwú funfun rán etí rẹ̀, ó ń dán gbinrin. Àṣé abẹ́ ẹwà yẹn ni wọ́n sin ohun tí mo nílò sí.

Ti líìsì ọsibítù, mi ò ní fi da yín láàmú. Ẹni tó bá ti bímọ n'Íbàdàn rí mọ̀ ọ́n látòkè délẹ̀: páàdì, òwú, ìbọ̀wọ́, Dettol, rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ohun kan ṣoṣo ló bí mi nínú níbẹ̀. Wọ́n kọ spirit sí i fún ìwọ́ ọmọ, bẹ́ẹ̀ jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine ti wà nílé oògùn, òun sì ni ìjọba ń sọ pé ká máa lò. Mo bi nọ́ọ̀sì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní líìsì àtijọ́ ni, kí n ra jẹ́ẹ̀lì. Kí wá ló dé tí ẹ ṣì ń tẹ líìsì àtijọ́ fún wa? Ẹ̀yin tí ẹ bá rà á, ìwọ́ nìkan ni kí ẹ fi pa o. Tyúùbù rẹ̀ jọ ti oògùn ojú, tó bá sì kan ojú ọmọ, ó lè bà á jẹ́. Nínú dúrọ́ọ̀ tó yàtọ̀ ni mo fi tiwa sí.

Káà síìtì, ìyẹn ìjókòó kékeré tí wọ́n ń de ọmọ mọ́ nínú ọkọ̀, òun ni mo ṣe nílò bẹ́líìtì ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò yọ mí lẹ́nu. Mo kọ́kọ́ lọ wo tòkúnbọ̀ ní Aleṣinlóyè. Wọ́n tò wọ́n jọ kítikìti, aláwọ̀ eérú, aláwọ̀ búlúù, òmíràn tilẹ̀ ṣì ní èérún bisikíìtì ọmọ òyìnbó lára. Èyí tí mo kọ́kọ́ dojú rẹ̀ bolẹ̀, wọ́n ti fi ọ̀bẹ ha ìwé tó wà nídìí rẹ̀ kúrò. Mo béèrè ọdún tí wọ́n ṣe é. Ọmọ ọjà náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ṣì lágbára dáadáa, ẹ wò ó," ló bá gun orí rẹ̀ jókòó. Mo dúpẹ́, mo bá tèmi lọ.

Ohun tó dé ni pé káà síìtì máa ń ní ọjọ́ tí lílò rẹ̀ ń parí. Ọ̀pọ̀ wọn, láàárín ọdún 6 sí 10 ni, wọ́n sì máa ń tẹ ọjọ́ náà mọ́ ara rọ́bà rẹ̀ nísàlẹ̀. Èyí tó bá wá láti Amẹ́ríkà máa ń ní ìwé kan lára tó sọ pé ó bá òfin ọkọ̀ ìjọba àpapọ̀ wọn mu, nọ́ńbà òfin náà ni 213. Ti Yúróòpù ní ìwé aláwọ̀ ọsàn tí lẹ́tà E wà nínú òbìrípo lára rẹ̀. Èyí tó bá ti bá jàǹbá ọkọ̀ pàdé ti di ẹrù àkìtàn, kódà bí ojú wa kò rí ibi tó ti sán. Ta ni yóò sì sọ ìtàn káà síìtì tòkúnbọ̀ fún yín lọ́jà? Ìdí nìyí tí mo fi gba ti àbúrò ìyàwó mi tó wà ní Houston. Òun ló rà á ní tuntun, ọmọ rẹ̀ nìkan ló lò ó, ọkọ̀ rẹ̀ kò sì forí sọ nǹkan kan rí. Ó kó o sínú bárẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú àwọn nǹkan Màmá. 2021 ni wọ́n ṣe é, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sídìí rẹ̀ gbọnmọgbọnmọ pé a kò gbọdọ̀ lò ó kọjá 2027.

Ọjọ́ tí mo gbé e wọnú ọkọ̀ ni ọ̀ràn dé. Mo fa bẹ́líìtì ẹ̀yìn, ó jáde. Mo wá ẹnu bẹ́líìtì, ìyẹn ibi tí irin rẹ̀ ń wọ̀ tó fi ń dún ko, mi ò rí i. Mo ti ìka bọ àárín ìjókòó àti ìfẹ̀yìntì lọ́tùn-ún, lósì, láàárín. Awọ nìkan ni mo ń bá. Wọ́n ti rán an pa láti ilẹ̀kùn kan dé ìkejì.

Mo pe mẹkáníìkì mi. Ẹni tí mo fọkàn tán ni o, òun ló ń bá mi tún ọkọ̀ ṣe láti ìgbà tí mo ti ń wa Nissan. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ tẹ awọ náà lẹ́ẹ̀kan, ó dìde. "Ọ̀gá mi, kò sí níbẹ̀. Ẹni tó rán awọ yìí ti yọ ọ́ tà. Ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Agodi Gate ni kí ẹ lọ." Mo ní ṣé kò yẹ ká ṣí i wò ná? Ó ní kí n má fi àkókò ṣòfò, irú rẹ̀ kì í ṣe àkọ́rí òun. Ó tún wá fi kún un pé, "Ẹ sì lè kúkú gbé e síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, bẹ́líìtì iwájú dáa." Rárá o. Nínú káà síìtì ọmọ tuntun, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ọmọ ń kọjú sí. Orí rẹ̀ wúwo, ọrùn rẹ̀ kò tíì gbó. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, káà síìtì á gba gbogbo ẹ̀yìn ọmọ mú lódindi, kò ní jẹ́ kí ọrùn nìkan ru ìyà náà. Bí a bá wá gbé e síwájú tí èébágì, ìyẹn báàgì afẹ́fẹ́ tó ń wú jáde níwájú ọkọ̀ nígbà jàǹbá, bẹ́ jáde, ẹ̀yìn káà síìtì gan-an, níbi tí orí ọmọ wà, ni yóò gbá. Mo ṣàlàyé, ó mi orí, ó ní, "Agodi Gate nìyẹn nígbà náà."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Agodi Gate, ẹ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í sọ níbẹ̀ pé òun kò ní nǹkan. Ọkùnrin àkọ́kọ́ ní kí n jókòó, ó rán ọmọ lọ wá a ní ìsọ̀ ẹlòmíràn. Ọ̀gbẹ́ni kejì da ẹnu bẹ́líìtì jáde nínú àpò sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní, "Toyota ni gbogbo ẹ̀, ẹ mú èyí tó bá wù yín." Toyota ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti Camry kò gba irin Corolla tèmi wọlé. Òmíràn gbà á, ó dún ko, inú mi dùn. Mo fà á lójijì, ó yọ pọ́nkán. Mo kì í padà, ó dún ko, mo fà á, ó yọ. Ọ̀gbẹ́ni náà wò mí bí mo ṣe ń ṣe, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ fà á jù." Mo ní ṣé tírélà tó bá fẹ́ kọlù mí á kọ́kọ́ bi mí pé kí òun rọra fà á ni? Oòrùn ti mú, ọkọ̀ mi di ojú ọ̀nà, ọmọkùnrin kan tó ń gba owó páàkì sì dúró tì mí lọ́rùn. Nígbà tó yá, a rí ọ̀kan tó dì mọ́ irin dáadáa, tí kò yọ bí mo ti wù kí n fà á tó. ₦30,000 ni ó kọ́kọ́ pè é. Mo san ₦18,000. Fún nǹkan tí kò tó ọwọ́ mi.

Mo rò pé ó ti tán. Mẹkáníìkì ní òun kò lè dè é láìjẹ́ pé wọ́n ṣí ìjókòó, òun kò sì fẹ́ ba awọ jẹ́ fún mi. Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo sọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́! Mo pe ẹni tó ta ọkọ̀ fún mi, ó júwe ẹni tó rán awọ náà, ní Mọ́kọ́lá. Ẹni yẹn ní ₦25,000 ni òun máa gbà láti tú u àti láti tún un rán. Mo ní kó ṣe é lójú mi. Ó di iwájú ìjókòó mú, ó fà á sókè, ó dún pá, gbogbo ìjókòó sì ṣí gbalaja. Kò gba ìṣẹ́jú kan.

Ẹ gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀: èèpo ẹ̀pà, báírò, owó ẹyọ, àti ẹnu bẹ́líìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pé pérépéré, wọ́n fi rọ́bà dè wọ́n pọ̀, wọ́n dojú wọn bolẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò yọ wọ́n tà. Èyí tó tún wá dùn mí jù ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì-méjì tó yọrí níbi tí ìjókòó àti ìfẹ̀yìntì ti pàdé, tí wọ́n fi fóòmù bò. Mo bi í pé kí ni wọ́n bò ó fún. Ó ní, "Irin yìí ni? A máa ń bò ó ni, ọ̀gá. Ó máa ń gún èèyàn nídìí."

Irin tó ń gún èèyàn nídìí yẹn ni wọ́n ṣe fún káà síìtì gan-an! Láti oṣù kẹsàn-án 2002 ni òfin Amẹ́ríkà ti pọn ọ́n ní dandan pé kí ọkọ̀ tuntun ní in lẹ́yìn. Tòkúnbọ̀ tí ẹ rà, tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti wá tí wọ́n sì ṣe é lẹ́yìn ìgbà náà, ó ní in. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, wọ́n máa ń fi àmì róbótó tó ní àwòrán ọmọ nínú sí ìfẹ̀yìntì kí a lè mọ ibi tó wà, àfi tí ẹnìkan bá ti rán awọ lé e. Mẹkáníìkì mi tẹ̀ lé wa débẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò ní gbogbo ìgbà tí mo ń sọ̀rọ̀. Mo padà sí Agodi Gate, wọ́n fi ọwọ́ júwe ohun tí wọ́n kọ sára ògiri pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà.

Ó kéré tán, mo dúró ti aránṣọ náà títí ó fi lu ihò síbi tó yẹ tó sì rán etí rẹ̀ dáadáa. Èmi fúnra mi ni mo de káà síìtì. Mo fi ìkọ́ rẹ̀ kọ́ irin méjèèjì, mo fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo fa okùn rẹ̀ títí apá fi ń dùn mí. Tí ẹ bá di ibi tí okùn gbà kọjá mú tí ẹ mì í, kò gbọdọ̀ sún ju íńṣì kan lọ. Tèmi kò tilẹ̀ mira. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò bá ní irin yìí, bẹ́líìtì náà tó: ẹ fà á jáde tán pátápátá kó tó máa wọlé padà, ẹ ó gbọ́ kẹ́-kẹ́-kẹ́, kò sì ní tú sílẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé káà síìtì wa ní ọ̀kan ni ká lò nínú méjèèjì, ká má lò wọ́n pọ̀.

Ohun kan ṣì kù tí mi ò rò tẹ́lẹ̀. Káà síìtì ní àmì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń fi hàn bóyá ó dagun tó. Tó bá nà ró jù, orí ọmọ tuntun á ṣubú síwájú, àgbọ̀n á kan àyà, ọ̀nà ọ̀fun á sì dí. Àmì náà kọ̀ jálẹ̀ láti dúró síbi tó yẹ. Mo tún un ṣe títí, àṣé àgbàlá wa ló dagẹ̀rẹ̀! Ilé epo ni mo wa ọkọ̀ lọ, ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, kó tó bọ́ sípò. Ẹni tó ń ta epo béèrè pé ṣé ọkọ̀ ti bàjẹ́ ni.

Ti bẹ́ẹ̀dì ọmọ kò lọ títí. A ra èyí tí fóòmù rẹ̀ le tó sì kún inú rẹ̀ débi pé ìka méjì kò lè bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìrọ̀rí àti tìmùtìmù tí wọ́n tà mọ́ ọn, a kó wọn sórí àga pálọ̀. Ẹ̀yìn ni ọmọ ń fi sùn, lórí ibi títẹ́jú, láìsí nǹkan rírọ̀ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ káńfọ̀ ló fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Màmá ìyàwó mi ti Ìṣẹ́yìn dé pẹ̀lú báàgì aṣọ ọmọ ọwọ́ tó ti ń tọ́jú látọjọ́ pípẹ́. Wọn ò tíì ṣí báàgì tí òórùn káńfọ̀ ti gba ilé. Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú, a ò lè wọ ìwọ̀nyí fún ọmọ báyìí o." Wọ́n ní, "Èwo nínú àwọn ọmọ tí mo bí ni mi ò fi káńfọ̀ tọ́jú aṣọ rẹ̀?" Mi ò lè bá wọn jiyàn. Nọ́ọ̀sì ló bá mi ṣàlàyé fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan, pàápàá àwọn ọmọkùnrin, tí wọ́n sì pọ̀ láàárín wa, kì í lè gba káńfọ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà á máa fọ́, ojú àti ara ọmọ á pọ́n bí ìyeyè, ó sì lè dé ọpọlọ. Màmá dákẹ́. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n fọ aṣọ náà, tí wọ́n sá a sóòrùn títí òórùn fi lọ. Èyí tí òórùn rẹ̀ kò lọ di aṣọ ìnulẹ̀.

Ọmọ ti dé, ọkùnrin ni. Lọ́jọ́ tí a ń kúrò ní ọsibítù, ẹ̀gbọ́n bàbá mi na ọwọ́ pé kí a gbé e lé àwọn lẹ́sẹ̀. Mo ní inú káà síìtì ló ń lọ. Wọ́n ní, "Ọmọ tuntun, ẹ fẹ́ dè é mọ́lẹ̀ bí ẹlẹ́wọ̀n?" A dè é. Okùn wọlé sísàlẹ̀ èjìká rẹ̀ díẹ̀, a fà á títí mi ò fi rí i fi ìka fún pọ̀, a sì da ṣọ́ọ̀lù bò ó lórí okùn, kì í ṣe lábẹ́ rẹ̀. Ó sùn délé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi bá wa bínú títí di ọjọ́ ìkómọ.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀, tí ẹ sì mọ̀ pé ọmọ ń bọ̀, kí ẹ tó yin awọ ìjókòó, ẹ ti ìka bọ ẹ̀yìn. Tí ẹ ò bá bá irin níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n gbé ìjókòó sókè lójú yín kí ẹ tó sanwó, kí ẹ má sì jẹ́ kí mẹkáníìkì kankan rán yín lọ sí ọjà kó tó gbé e wò.

Ẹnu bẹ́líìtì ₦18,000 yẹn ṣì wà nínú bùùtù mi. Ẹni tó bá ní Corolla 2003 sí 2008 tó ń wá irú rẹ̀, kó wá. Mi ò ní tà á ní gbàǹjo.