Àwòṣe orí réluwé dísẹ́ẹ̀lì: bí a ṣe ń rà á, bí a ṣe ń yí nọ́ńbà rẹ̀ padà, bí a ṣe ń fi èérí sí i lára

Ẹ yan orí réluwé kan àti ọdún kan kí ẹ tó náwó. "Class 37 ni mo fẹ́" kò tíì tó. Orí réluwé 309 ni wọ́n kọ́ nínú irú èyí fún British Railways láàárín 1960 sí 1965, wọ́n sì ń yí ọ̀dà, nọ́ńbà àti ojú wọn padà léraléra. Ẹni tó bá sọ pé 37119 ti ọdún 1977 lòun fẹ́ ti mọ ọ̀dà tí yóò rà, ó ti mọ irú ojú tí yóò wá, ó sì mọ ibi tí èérí yóò wà. Ẹ wá fọ́tò mẹ́rin ó kéré tán láti ọdún náà: ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, iwájú, àti òrùlé. Ti òrùlé ló ṣòro rí jù, òun náà la sì máa ń nílò jù, torí òkè la ti ń wo àwòṣe.

Ẹ ṣọ́ra fún ìwọ̀n. Àwòṣe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní OO jẹ́ 1:76, HO tí ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń lò jẹ́ 1:87, bẹ́ẹ̀ ojú irin kan náà ni àwọn méjèèjì ń rìn lé, mìlímítà 16.5 ní fífẹ̀. Nítorí náà, pé ó rìn lórí irin yín kò sọ pé ó bá àwọn yòókù mu. N tiẹ̀ kéré gan-an, 1:148 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lórí irin mìlímítà 9. Fún ẹni tó fẹ́ máa yí nọ́ńbà, OO ló dára kó fi bẹ̀rẹ̀.

Tó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà, ṣáásì, ìyẹn férémù irin tó gbé ara àwòṣe dúró, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ọ̀dà. Irin síǹkì ni wọ́n sábà fi ń dà á. Bí òjé díẹ̀ bá ti dà pọ̀ mọ́ síǹkì yẹn nígbà tí wọ́n ń yọ́ ọ, irin náà á máa jẹra láti inú wá, ọ̀rinrin àti ooru á sì mú un yára. Á wú, á gùn sí i, á sán, lẹ́yìn náà á fọ́ sí wẹ́wẹ́. Àmì rẹ̀ ni pé ara ike kò jókòó dáadáa mọ́ lórí ṣáásì, tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń yọ síta, tàbí iwájú àti ẹ̀yìn ti tẹ̀. Kò sí oògùn fún un. Gọ́ọ̀mù kò lè mú un, ọ̀dà kò lè bò ó. Àfi tí ẹ bá ti rí ṣáásì mìíràn tí yóò wọ̀ ọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé e sórí irin, ẹ fi iná tí kò ju fóòtì 12 (12V) sí i, kí ó rìn jẹ́jẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ "kẹ́… kẹ́… kẹ́" lẹ́ẹ̀kan fún ìyípo wíìlì kọ̀ọ̀kan, jíà ike kan ti sán. Jíà yẹn há mọ́ ọ̀pá irin; bó bá ti gbó, ike á sún kì, irin kò ní sún kì, ike á sì ya. Ibi tó ti ya, eyín jíà méjì á jìnnà síra, òun ló ń ta kẹ́. Jíà tuntun ni kí ẹ rà, torí gọ́ọ̀mù kì í dúró níbẹ̀. Bí ó bá ń bọ́ kúrò lórí irin níbi tí ojú ọ̀nà ti pínyà, ẹ wọn àárín wíìlì méjèèjì láti inú: mìlímítà 14.5 ni ti OO. Tó bá ń rìn dáadáa, ẹ jẹ́ kó rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú síwájú, ọgbọ̀n sẹ́yìn. Ọ́ìlì kíún ti orí abẹ́rẹ́ tó fún ibi kọ̀ọ̀kan tí ọ̀pá ti ń yí. Èyí tó bá pọ̀ á ṣàn dé inú mọ́tò, á sì di ẹrẹ̀ dúdú.

Ojú rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Class 37 mọ́kàndínlọ́gọ́fà àkọ́kọ́ ní ilẹ̀kùn ní àárín iwájú, àpótí nọ́ńbà ìrìnàjò, ìyẹn àmì tó ń sọ ìrìnàjò tí ọkọ̀ náà ń rìn, pín sọ́tùn-ún àti sósì rẹ̀. Láti D6819 lọ (D ló máa ń ṣáájú nọ́ńbà àtijọ́ wọn), àpótí kan ṣoṣo ló wà láàárín. Àwòṣe alápòótí kan kò lè di 37119, tó jẹ́ àkọ́kọ́ pátápátá nínú wọn, láéláé, bó ti wù kí ọ̀dà rẹ̀ dára tó.

Ẹ má sì rò pé yíyọ D kúrò ti tó. Nígbà tí wọ́n gbé nọ́ńbà tuntun jáde ní nǹkan bí 1973 sí 1974, 001 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìkà, nítorí náà orí réluwé àkọ́kọ́ nínú irú kan, tí nọ́ńbà rẹ̀ parí sí 00, ní láti wá ibòmíràn lọ. D6700 di 37119. D9000, àkọ́kọ́ nínú àwọn Deltic (Class 55) méjìlélógún, di 55022. D200, ti Class 40, di 40122. Ohun mìíràn rèé: ní oṣù kìíní 1976 ni wọ́n dẹ́kun fífi nọ́ńbà ìrìnàjò hàn níwájú. Àpótí wọ̀nyẹn wá ń fi 0000 hàn, nígbà tó yá wọ́n di pátákó dúdú tó ní àmì funfun roboto méjì. Orí réluwé 1979 tó ń gbé 1A05 níwájú kò tọ̀nà.

Láti pa nọ́ńbà àtijọ́ rẹ́, ẹ fi tínà ọ̀dà enamel díẹ̀ sórí òwú ìnuetí, ẹ fún un kó má ṣàn, kí ẹ fi pa nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 20. Lẹ́yìn náà, ẹ fi igi ìtayín tí ẹ ti gé orí rẹ̀ pẹlẹbẹ ha á. Abẹ́ àwòṣe ni kí ẹ ti kọ́kọ́ dán an wò. Bí àwọ̀ ara bá ti ń bá òwú bọ̀, ẹ dúró. Tínà cellulose kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn rárá, á yọ́ ike.

Ẹ kun ibẹ̀ pẹ̀lú fánìṣì acrylic tó ń dán, kí ẹ sì fún un ní wákàtí 24. Ẹ má fo èyí. Ojú tí kò dán rí págunpàgun bó ti wù kó kéré tó, afẹ́fẹ́ á há sábẹ́ nọ́ńbà tuntun, á sì máa tàn bíi fàdákà. Ẹ lẹ téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ ibi tí nọ́ńbà yóò wà, kó dúró bí ìlà. Nọ́ńbà alálẹ̀mọ́ olómi wà nínú omi fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 15, ẹ gbé e sórí bébà ìnuwọ́ títí yóò fi máa yọ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ta Micro Set, omi tó ń jẹ́ kí nọ́ńbà lẹ̀ mọ́ ara, sí ara àwòṣe, kí ẹ sì rọra tì í síbẹ̀. 1 ló máa ń yọni lẹ́nu jù. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé omi ń yí i, bẹ́ẹ̀ 37119 ní méjì tó tẹ̀ léra. Ẹ fi èyí àkọ́kọ́ sílẹ̀ kó gbẹ kí ẹ tó gbé ìkejì wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi ìkejì á gbé àkọ́kọ́ lọ.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti tò, ẹ ta Micro Sol, omi tó ń mú nọ́ńbà rọ̀, lé e. Á hun jọ bí awọ àgbàlagbà. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Òun fúnra rẹ̀ á tẹ́ padà bó ti ń gbẹ. Bí ibì kan bá ṣì ń tàn, ẹ fi abẹ́rẹ́ gún un lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, kí ẹ ta Micro Sol sí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi téèpù bo fèrèsé, kí ẹ fi fánìṣì acrylic tí kò dán bo gbogbo ara. Acrylic ni mo wí, torí òun ni yóò gba nọ́ńbà yín lọ́wọ́ tínà tó ń bọ̀.

Èérí

Ẹ po ọ̀dà enamel Humbrol nọ́ńbà 33, tí í ṣe dúdú, mọ́ 62, tó dà bí awọ, ní ìlàjì-ìlàjì. Fún ara, ẹ fi tínà enamel bù ú là, ọ̀dà kan sí tínà mẹ́sàn-án, kí ẹ kùn ún sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ tí tínà kàn fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ máa fà á láti òrùlé wá sísàlẹ̀, láìpadà, bí òjò ṣe ń ṣàn. Èyí tó bá kù sí ojú afẹ́fẹ́ àti etí ilẹ̀kùn ni èérí tòótọ́.

Bógì, ìyẹn férémù tó gbé wíìlì dúró lábẹ́, gba ọ̀dà kan náà láìbùlà, pẹ̀lú ìyẹ̀fun ọ̀dà pupa rẹ́súrẹ́sú fún eruku búréèkì. Èéfín dúdú wà lórí òrùlé, yí ihò èéfín ká, kì í ṣe gbogbo òrùlé. Fánìṣì tó ń dán díẹ̀ lábẹ́ ẹnu táǹkì á dà bí epo tó ṣẹ́ sílẹ̀. Bí fọ́tò yín bá fi hàn pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ọ́, ẹ jẹ́ kí ara mọ́, kí bógì nìkan dọ̀tí. Ẹ ṣí fèrèsé nígbà gbogbo tí tínà bá wà níta.

Kí ẹ tó dá a padà sínú páálí, ẹ fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e. Fóòmù tó ti gbó máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀dà. Ẹ kọ nọ́ńbà tó ní nígbà tí ẹ rà á sí bébà kan, kí ẹ fi sínú páálí náà, torí ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ yín lọ́la lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀.