Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Gba Ẹ̀yà Alágbára Láàyè Nínú Eré Dungeons & Dragons

Ẹni tí ó bá ti ń darí eré Dungeons & Dragons, eré orí tábìlì tí àwọn akópa ti ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu àti dáìsì gbé ìtàn kalẹ̀, fún ìgbà díẹ̀ yóò ti bá akópa kan pàdé tí kò fẹ́ ṣe ènìyàn, tí kò sì fẹ́ ṣe aràrá. Ohun tí ó ń fẹ́ ni kí ẹ̀dá-ìtàn òun jẹ́ ọmọ dírágónì, tàbí ẹ̀dá abìyẹ́ tí ń fò, tàbí drow, ìyẹn elf (ẹ̀dá inú ìtàn tí ó jọ ènìyàn) abẹ́ ilẹ̀ tí ọfọ̀ kì í tètè mú. Ẹ̀bẹ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nínú òfin eré náà àkọ́kọ́, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní ọdún 1974, wọ́n ti sọ ọ́ pé akópa lè ṣe ẹ̀dá yòówù tí ó bá wù ú, dírágónì pàápàá kò yọ sílẹ̀, bí ó bá ṣá ti gbà láti bẹ̀rẹ̀ láti kékeré kí ó sì máa dàgbà díẹ̀díẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn olùdarí eré ti ń wá ọ̀nà tí agbára ẹnì kan kò fi ní sọ àwọn yòókù di òǹwòran. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀nà náà ni kò ṣiṣẹ́, nítorí pé wọ́n ń gba owó agbára náà, ìyẹn ohun tí akópa gbọ́dọ̀ pàdánù nítorí rẹ̀, níbi tí kò yẹ kí wọ́n ti gbà á.

Bí agbára kan bá ń ṣiṣẹ́ lójú ìjà, ojú ìjà náà ni kí ẹni tí ó ni ín ti san nǹkan kan fún un. Bí ó bá jẹ́ ti ìrìn àjò, ojú ọ̀nà ni kí ó ti san án. Àǹfààní tí olúkúlùkù tí ó jókòó sídìí tábìlì ní láti ṣe ohun tí yóò yí ìtàn padà ni a ń wá bí yóò ṣe dọ́gba, kì í ṣe iye tí a kọ sórí ìwé. Ìdí nìyí tí kò fi sí wàhálà kankan bí gbogbo ẹgbẹ́ bá pinnu pé ọmọ dírágónì ni àwọn yóò jẹ́ pátá: olùdarí yóò kàn wá ọ̀tá tí ó tó wọn jà ni.

Àṣìṣe tí ó pẹ́ jù lọ nínú eré yìí ni kí a jẹ́ kí akópa gbádùn agbára lónìí, kí a sì dá owó rẹ̀ sí ọjọ́ iwájú. Bẹ́ẹ̀ ni òfin ọdún 1974 ṣe é. Bí ẹ̀dá-ìtàn bá ṣe ń dàgbà ni ó ń gun ìpele, ṣùgbọ́n aràrá kò lè kọjá ìpele 6 nínú iṣẹ́ jagunjagun. Elf kò lè kọjá ìpele 4 gẹ́gẹ́ bí jagunjagun tàbí ìpele 8 gẹ́gẹ́ bí oṣó. Ènìyàn nìkan ni a kò fi ààlà sí. Wọ́n yí àwọn iye wọ̀nyí padà lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n irú ààlà bẹ́ẹ̀ wà nínú òfin títí di ọdún 2000, nígbà tí ẹ̀dà kẹta jáde tí ó sì pa á rẹ́. Ẹ wo bí ó ṣe máa ń rí ní ìdí tábìlì. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni elf ti ń ríran nínú òkùnkùn, tí ó ń fi idà jà, tí ó sì ń pe ọfọ̀, tí ènìyàn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń gbé iná lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni kì í dé ìpele 8 rárá, nítorí iṣẹ́, ìgbéyàwó àti ìrìn àjò máa ń tú wọn ká, elf a sì lọ láìsan kọ́bọ̀. Bí ẹgbẹ́ bá sì jàjà dé ibẹ̀, elf a dúró gbagidi sójú kan, yóò máa wá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ láti wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gòkè. Ìdajì àkọ́kọ́ eré náà rẹ́ ènìyàn jẹ, ìdajì kejì sì rẹ́ elf jẹ. Àròpọ̀ méjèèjì lè dọ́gba lórí ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí eré náà dọ́gba fún àwọn tí ń ṣe é.

Ẹ̀dà kẹta fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, èyí ni mo sì kà sí àṣìṣe tí ó kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ jù lọ, nítorí pé ó dà bí ẹni pé ó tọ́. Wọ́n ka ẹ̀yà alágbára fúnra rẹ̀ sí ìpele: drow jẹ́ ìpele 2, ẹni tí ó jẹ́ ìdajì dírágónì sì jẹ́ ìpele 3. Ẹ jẹ́ kí a mú oṣó drow kan nínú àtúnṣe ọdún 2003, kí a fi í sínú ẹgbẹ́ tí ó wà ní ìpele 5. Oṣó tí ó jẹ́ ènìyàn nínú ẹgbẹ́ náà ti lè ju bọ́ọ̀lù iná, ó ń da dáìsì olójú mẹ́fà márùn-ún sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Drow ní tirẹ̀ kò ju oṣó ìpele 3 lọ, nítorí pé ẹ̀yà rẹ̀ ti jẹ ìpele méjì, ọfọ̀ tí ó sì ga jù lọ́wọ́ rẹ̀ kò kọjá ipò kejì. Dáìsì ẹ̀mí rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta péré, olójú mẹ́rin mẹ́rin, ẹ̀yà drow sì tún ń yọ méjì kúrò nínú ìfaradà rẹ̀, nítorí náà iye ẹ̀mí rẹ̀, ìyẹn ìpalára tí ó lè gbà kí ó tó ṣubú, sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 9. Bí ọ̀tá bá ju irú bọ́ọ̀lù iná kan náà, tí ó máa ń ṣe ìpalára tí ó tó 17 tàbí 18, kódà bí drow bá yege láti yẹra tí iná náà sì dín sí ìdajì, díẹ̀ ni ó kù kí ó gbé e lọ. Òótọ́ ni pé ó ní ìdáàbòbò lọ́wọ́ ọfọ̀, ṣùgbọ́n oṣó ọ̀tá ìpele 5 tí dáìsì olójú ogún rẹ̀ bá ti mú 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti já ìdáàbòbò náà, ìyẹn ìgbà 12 nínú 20. Èyí tí ó burú jù ni pé ìdáàbòbò yìí kò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Bí drow bá wà nílẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, tí àlùfáà ẹgbẹ́ sì fẹ́ fi ọfọ̀ ìwòsàn jí i, àlùfáà náà gbọ́dọ̀ ju dáìsì láti já a kí ìwòsàn tó wọlé.

Ìdajì dírágónì ní òdì kejì ìṣòro náà. Ní ìpele 4, ìpele kan ṣoṣo ni ó ní nínú iṣẹ́ jagunjagun, iye ẹ̀mí rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi 12 tàbí 13 lọ. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni ó lè tu èémí iná tí ó ń lo dáìsì olójú mẹ́jọ mẹ́fà, tí ó máa ń tó 27. Ó yanu, gbogbo ọ̀tá kéékèèké inú yàrá náà kú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì rí nǹkan kan ṣe. Nínú yàrá kejì, kùmọ̀ ogre kan, ìyẹn òmìrán ajẹ̀nìyàn, bà á, kùmọ̀ náà sì máa ń tó 16, jagunjagun ti ṣubú, ẹni tí ó ń ṣe é sì di òǹwòran títí ìjà náà yóò fi parí. Eré tí ẹnì kan ti ń ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí kò sì ṣe nǹkan kan lẹ́ẹ̀kejì, kò dọ́gba rárá. Owó tí wọ́n gbà níhìn-ín, ara ẹ̀dá-ìtàn náà ni wọ́n ti yọ ọ́: ẹ̀mí rẹ̀ àti ọfọ̀ rẹ̀, tí kò ní ohun kan ṣe pẹ̀lú èémí iná tí ó mú un lágbára. Ẹ̀dà kẹrin, tí ó jáde ní ọdún 2008, fi ètò náà sílẹ̀, síbẹ̀ mo ṣì ń rí àwọn olùdarí tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn dá a padà nígbà tí wọ́n bá ń dá ẹ̀yà tuntun sílẹ̀.

Àwọn mìíràn a ní kí àwọn ará ìlú kórìíra ẹ̀yà náà, wọn a sì rò pé ìyẹn ti tó. Agbára lójú ìjà, ìtìjú láàárín ọjà: nǹkan méjèèjì kò pàdé ara wọn. Ẹgbẹ́ dé ẹnu ibodè, ẹ̀ṣọ́ dá drow dúró, ó bi í ní ìbéèrè, drow fèsì pẹ̀lú ìgbéraga, ẹ̀ṣọ́ pe ọ̀gá rẹ̀, ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn, ìdajì wákàtí kọjá. Ní gbogbo àkókò náà, ẹni tí ó ń ṣe aràrá ti ń tẹ fóònù rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ohun tí olùdarí pè ní ìyà ti di ẹ̀bùn kejì, nítorí pé kò sí ohun tí akópa ń fẹ́ ju kí ìtàn máa yí po òun lọ. Kí drow jẹ́ ẹni ìkórìíra bí ìtàn bá béèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n kí a má ṣe kà á sí owó tí a gbà.

Òfin ọdún 2014 tiẹ̀ sàn jù lórí drow. Bí òun tàbí ohun tí ó fẹ́ ta lọ́fà bá wà nínú oòrùn gangan, dáìsì méjì ni yóò jù, èyí tí ó kéré ni yóò sì mú. Níbi tí ó bá ti nílò 11 lórí dáìsì olójú ogún, àǹfààní rẹ̀ já wálẹ̀ láti ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún sí ìdá 25. Owó gidi nìyí, ojú ìjà ni ó sì ti ń san án. Àṣìṣe tí olùdarí máa ń ṣe níbí ni pé kò ronú lórí ibi tí ìtàn rẹ̀ yóò ti wáyé. Bí gbogbo eré bá jẹ́ inú ihò àpáta, oòrùn kò ní kan drow lára lọ́jọ́ kan. Bí ó bá jẹ́ aṣálẹ̀, akópa náà yóò jìyà títí eré yóò fi sú u. Kí wọ́n tó kọ ohunkóhun sílẹ̀ ni ó yẹ kí olùdarí ti sọ fún un èyí tí yóò jẹ́.

A tún máa ń bẹ̀rù ohun tí kò tó bẹ̀rù. Ẹlòmíràn yóò bá akópa jà nítorí pé ẹ̀yà kan fi méjì kún agbára ara, bẹ́ẹ̀ sì ni méjì náà kò mú ju ẹyọ kan wá lórí dáìsì olójú ogún, ìyẹn ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Olùdarí yìí kan náà yóò wá gba ẹ̀dá tí ń fò láàyè ní ìpele 1 láìbéèrè nǹkan kan. Aarakocra, ẹ̀yà abìyẹ́ tí ó jáde fún akópa ní ọdún 2015 ń fò ní ẹsẹ̀ bàtà 50 nígbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá kàn án, nígbà tí oṣó gbọ́dọ̀ dé ìpele 5 kí ó tó rí ọfọ̀ fífò kọ́. Ẹ fi ọrun gígùn lé e lọ́wọ́, kí ó gòkè dé ẹsẹ̀ bàtà 100. Ọfà rẹ̀ ń dé ilẹ̀ dáadáa, nítorí pé ọrun náà tó ẹsẹ̀ bàtà 150, ṣùgbọ́n ọrun kékeré tí goblin, ọ̀tá kékeré kan nínú eré náà, ń lò kò ta dáadáa kọjá 80, dáìsì méjì ni goblin yóò sì máa jù. Odò, ògiri àti kòtò tí olùdarí fi gbogbo òru yà sórí ìwé ti di asán.

Ọ̀pọ̀ olùdarí ló kàn fi òfin de ẹ̀yà náà. Èmi kò rò pé ó pọn dandan, nítorí pé owó rẹ̀ ti wà nínú òfin, a kì í kàn rántí gbà á ni. Ẹ̀dá tí ń fò tí a bá dá lójú kan, tàbí tí a bá tì ṣubú, yóò já bọ́, àfi bí idán bá gbé e dúró. Dáìsì olójú mẹ́fà kan fún ẹsẹ̀ bàtà 10 kọ̀ọ̀kan ni ìpalára rẹ̀. Láti ẹsẹ̀ bàtà 100, dáìsì mẹ́wàá nìyẹn, tí ó máa ń tó 35, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ẹ̀dá ìpele 1 là á já. Ó sì tún ní láti yàgò fún ìhámọ́ra tí ó wúwo. Ẹ jẹ́ kí ọ̀tá kan nínú ìjà mélòó kan ní ọfọ̀ tí ń dá ènìyàn dúró gbọnin, ẹ ó rí i pé tafàtafà náà yóò máa ronú kí ó tó gòkè.

Àṣìṣe méjì kan wà tí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Èkíní ni kí a mú ọ̀tá lágbára sí i nítorí ẹnì kan: ọmọ dírágónì yóò yè é, oṣó tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò kú. Èkejì ni kí a dín agbára akópa kù lẹ́yìn tí eré ti bẹ̀rẹ̀, láìbá a sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí a bá ṣe é fún kì í gbàgbé.

Fún àwọn tí ń mú ẹ̀dá inú ìtàn tiwa wọ inú eré náà, egbére jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó dára. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fún un ní ìríran òru, ìfarapamọ́ àti ọrọ̀, tí wọ́n sì fi ẹkún àti ẹní rẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ẹ fi agbára rẹ̀ sínú ẹní náà. Kí ẹní gba apá kan, tí kò fi ní lè di asà mú tàbí fa ọrun. Kí ẹkún rẹ̀ má dáwọ́ dúró, kí ẹni tí ó bá ń wá a nínú òkùnkùn máa gbọ́ ohùn rẹ̀, nítorí náà ìfarapamọ́ rẹ̀ ni yóò máa san owó fún ara rẹ̀. Bí ọ̀tá bá já ẹní gbà lójú ìjà, kí agbára bá ẹní lọ, ṣùgbọ́n kí iṣẹ́ tí egbére kọ́, yálà ti jagunjagun tàbí ti olè, wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìpele kan náà pẹ̀lú ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó lè rí nǹkan ṣe nígbà tí ó bá kàn án, títí kan sísáré lé ẹni tí ó gbé ẹní lọ.