Orúnlá mi ò bu mọ́, ohun tí mo ṣe sí i rèé

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni orúnlá mi bu lọ́dún yìí. Màá sá ilá, á gbẹ lójú mi, màá rọ ọ́ sínú ike, kó tó tó ọ̀sẹ̀ méjì ó ti hu funfun. Ilá tí mo fowó gidi rà l'Ọ́jà Ọba o!

Mo kọ́kọ́ rò pé oòrùn ni ò tó, òjò Àkúrẹ́ náà kúkú nìyẹn, mo wá ń fi ọjọ́ kún un, kò ṣiṣẹ́. Mo fi iyọ̀ sí i, ńṣe ló tún ń fa omi.

Màmá mi l'Óǹdó ló bi mí pé, "Ṣé o máa ń jẹ́ kó tutù kó o tó dé e?" Háà. Gbígbóná ni mo máa ń dé e, ooru á wá di omi lábẹ́ ìdérí.

Bí mo ṣe wá ṣe é nìyí: mo gé e wẹ́ẹ́wẹ́, mo tẹ́ ẹ sórí nẹ́ẹ̀tì tí mo gbé lé búlọ́ọ̀kù kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ ẹ̀, tó bá ti di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ mo ti kó o wọlé kí ìrì má sẹ̀ sí i. Ọjọ́ mẹ́rin. Tó bá ṣì ń tẹ̀, kò tíì gbẹ, ó gbọ́dọ̀ dá pàkà. Mo jẹ́ kó tutù dáadáa, mo rọ ọ́ sínú ìgò láì tíì lọ̀ ọ́, mo ń mì í lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ kejì omi ta sára ìgò, mo dà á padà sóòrùn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó lọ̀ ọ́.

Ó ti pé oṣù mẹ́ta, kò bu. Mi ò tíì dán an wò fún tòmátò o, ìyẹn lómi ju ilá lọ.