"Bọ́ọ̀lù ni mo gbá": àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí gbígba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ẹlòmíì

Ẹnìkan ti gé ẹnìkejì lulẹ̀, ẹni náà ń ké lórí koríko, òun sì ti ń fi ọwọ́ méjèèjì ya bọ́ọ̀lù róbótó fún rẹfirí: "Bọ́ọ̀lù ni mo gbá o!" Àwáwí yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ gbàgbé. Òfin kejìlá nínú òfin bọ́ọ̀lù kò ní kó o máa pa ẹni tó ni bọ́ọ̀lù lára, kódà kó o kan bọ́ọ̀lù. Tó o bá já wọlé láìbìkítà ewu tó lè kan ẹnìkejì, káàdì yẹ́lò ni. Tí agbára bá pọ̀ jù, tàbí tó o fi ẹ̀mí rẹ̀ wewu, pupa ni, ì báà jẹ́ iwájú, ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn lo gbà wọlé.

Rẹfirí náà máa ń ṣì í o. Ní Brasília, oṣù Kẹfà ọdún 2014, nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, Matuidi ti ilẹ̀ Faransé tẹ Onazi wa ti Nàìjíríà mọ́lẹ̀ lọ́rùn ẹsẹ̀. Wọ́n gbé Onazi jáde, Matuidi gba yẹ́lò lásán. Ó ṣì ń dùn mí.

Àṣìṣe tí mo kórìíra jù ni kí èèyàn dúró lé ẹni tó wà nílẹ̀ lórí, kó ní ó ń díbọ́n. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1997, ní pápá Leeds, Roy Keane ti Manchester United ló fẹ́ fi ẹsẹ̀ kọ́ Alf-Inge Haaland ti Leeds, àmọ́ orúnkún Keane fúnra rẹ̀ ló já. Haaland bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní kó dìde, kó yé ṣe bí ẹni tó fara pa. Keane kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ títí sáà yẹn fi parí. Ìwọ kì í ṣe dókítà, yáa dákẹ́.

Ṣùgbọ́n Keane náà di ọ̀rọ̀ yẹn sínú, àṣìṣe tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ sì nìyẹn. Ní oṣù Kẹrin 2001, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Manchester United àti City, ó gbé bàtà onírin lé orúnkún ọ̀tún Haaland, tó ti di ará City, ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti sọ tirẹ̀ sí i létí. Káàdì pupa, ìfòfindè ìdíje mẹ́ta, owó ìtanràn pọ́n-ùn 5,000. Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀, àfi bó ṣe jẹ́wọ́ nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ lọ́dún 2002 pé òun mọ̀ọ́mọ̀ gbá a ni. FA, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ìfòfindè ìdíje márùn-ún àti £150,000 kún un. (Àwọn tó ń sọ pé ìyẹn ló pa iṣẹ́ Haaland, ẹ rọra: orúnkún òsì ló ti ń yọ ọ́ lẹ́nu tẹ́lẹ̀. Ẹ̀bi Keane tó láìfi àbùmọ́ kún un.)

Má fi ọgbẹ́ ẹlòmíì ṣẹ̀sín. Lọ́dún 1982, Schumacher, aṣọ́lé Jámánì, kọlu Battiston ti ilẹ̀ Faransé ní Seville, eyín Battiston ká. Schumacher ní òun á san owó eyín. Ó padà lọ bẹ̀ ẹ́ níkẹyìn, àmọ́ gbogbo ayé ti gbọ́ ti eyín.

Àwa olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù náà ní tiwa: a máa ń yára pe èèyàn ní apànìyàn. Ní oṣù Kọkànlá 2019, Son ti Tottenham gé André Gomes ti Everton láti ẹ̀yìn, Gomes fò lọ kọlu Aurier, ẹlẹgbẹ́ Son, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yẹ̀. Son di orí mú, ó ń sunkún. Rẹfirí mú yẹ́lò, ó tún yí i sí pupa; FA fagi lé pupa náà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Coleman, ọ̀gá ikọ̀ Everton, ló rìn lọ bá Son ní yàrá ìmúra Tottenham láti tù ú nínú. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní Belgrade, Son gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Kò jó, kò sáré. Ó pa ọwọ́ pọ̀ níwájú kámẹ́rà bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kejì 2020, Gomes wọlé gẹ́gẹ́ bí àrọ́pò lòdì sí Arsenal.