Ẹ Má Fi Ojú Yìnyín Wo Àpáta Ìbàdàn: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀

Ẹni tó bá ti kàwé nípa ilẹ̀ Kánádà tàbí Finland, tó wá gun Òkè Àrẹ̀mọ n'Ìbàdàn, á fẹ́ máa rí iṣẹ́ yìnyín lára gbogbo òkúta. Àpáta àtijọ́ ni tọ̀hún, àpáta àtijọ́ ni tibí, ṣùgbọ́n ohun tó gbẹ́ wọn yàtọ̀ pátápátá. Ní Kánádà, yìnyín tó nípọn tó kìlómítà 3 láwọn ibì kan ló wọ́ kọjá lórí àpáta, ó gbá erùpẹ̀ kúrò, ó sì fi òkúta tó há sábẹ́ rẹ̀ ha ilẹ̀. Nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn ló gbilẹ̀ jù. Kò dé Ìbàdàn. Òjò, ooru àti omi tó ń rá wọ ibi tí àpáta ti sán ló ṣiṣẹ́ tiwa.

Ilà ara òkúta ló ń tan àwọn èèyàn jẹ jù. Òkúta gneiss tó kún Ìbàdàn ní ilà dúdú àti funfun, àwọn kan á sì ní ibi tí yìnyín ti ha á nìyẹn. Ẹ má wo awọ òkúta nìkan. Ẹ fi awò ààbò bo ojú yín, kí ẹ fi òòlù fọ́ etí rẹ̀ kan, kí ẹ wo inú. Bí ilà náà bá wọ inú lọ, ara òkúta ni: ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ló tò ó bẹ́ẹ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ibi tí yìnyín bá ha kì í kọjá awọ.

Àpáta ribiti tó dá jókòó ńkọ́? Ẹ má sọ pé wọ́n gbé e wá. Bí omi bá wọ ibi tó sán, feldspar, èròjà kan tó pọ̀ nínú òkúta náà, á di amọ̀. Igun òkúta ni omi ń bá jà láti ọ̀nà mẹ́ta, torí náà igun ló kọ́kọ́ ń jẹrà, àárín á sì ṣẹ́ kù ní ribiti. Àgbàrá á wá kó amọ̀ lọ. Ẹ fọ́ díẹ̀ lára rẹ̀, ẹ fi wé àpáta abẹ́ rẹ̀: bí wọ́n bá jọra, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Èyí tí yìnyín bá gbé wá sábà máa ń yàtọ̀ sí ilẹ̀ tó jókòó lé.

Àìmọ èyí ń náni lówó gan-an nídìí ilé kíkọ́. Irú òkúta ribiti bẹ́ẹ̀ ṣì pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀, nínú amọ̀. Bí wọ́n bá gbẹ́lẹ̀ díẹ̀, tí ọkọ́ dún, ẹ má yára gbà pé ẹ ti kan àpáta. Ẹ gbẹ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àárín. Bí ibì kan bá le ní mítà 1, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì rọ̀ ní mítà 3, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òkúta lásán lẹ bá pàdé. Bí apá kan ìpìlẹ̀ bá gorí rẹ̀, tí èkejì wà lórí amọ̀, ti amọ̀ á rì, ti òkúta ò ní rì, ògiri á sì sán.

Ẹ má sì pe ọjọ́ orí àpáta ní ọjọ́ orí òkè. Àpáta yìí ju mílíọ̀nù 500 ọdún lọ. Ọjọ́ orí ìrísí òkè kéré sí i gidigidi. Òkè Àrẹ̀mọ àti Mápó ga torí pé quartzite wọn, òkúta líle tó ti ara yanrìn wá, kì í tètè jẹrà bíi gneiss tó yí wọn ká.

Síbẹ̀, ẹ má sọ pé yìnyín kò dé Áfíríkà rí. Ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 440 ọdún sẹ́yìn, ó bo ibi tó di Sàhárà lónìí, ibi tó sì ha ṣì wà lára àpáta Algeria. Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i, ọ̀nà ibẹ̀ ni kó kọrí sí.